GRUB, systemd-boot, rEFInd tàbí kernel fúnra rẹ̀: èwo ni ká fi rọ́pò bootloader àtijọ́ lórí UEFI?

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi ní Agbowó pé kí n bá òun kó Linux kúrò lórí BIOS (ètò àtijọ́ inú ẹ̀rọ tó ń jí i) bọ́ sórí UEFI (tuntun tó rọ́pò rẹ̀), ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í kò kan Linux rárá. Mo máa ń béèrè bóyá bátìrì laptop náà ṣì ń dúró, àti bí iná ṣe ń ṣe sí wọn ládùúgbò. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé bí iná bá ṣẹ́jú báyìí ni ẹ̀rọ ti kú, kò yẹ kó mú ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní inverter nílé ní Bódìjà. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń kọ lókè òkun kì í ka iná sí ọ̀ràn. Bootloader (ètò kékeré tó ń gbé kernel, ọkàn Linux, dìde bí ẹ̀rọ bá ń jí) tó yá jù tàbí èyí tó rẹwà jù ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú. Ní tèmi, èyí tó máa jí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ni mò ń wá, àti èyí tí a lè tún ṣe láìra dátà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Owó tí mò ń sọ ni owó dátà, owó epo jẹ́nẹ́rétọ̀, àti owó ọjọ́ iṣẹ́ tó bá ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń wo ibi tí bootloader ń tọ́jú kernel sí, torí ibẹ̀ ni iná tó lọ lójijì ti ń ṣọṣẹ́. Mo máa ń wo bóyá Windows wà lórí dísìkì kan náà, àti bóyá Secure Boot, ètò UEFI tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò ní ìbuwọ́lùwé tó mọ̀ jí, gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Èyí tó kù ni bóyá ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹni tó tò ó lè tún un ṣe. Ẹ má fojú kéré ti ìkẹyìn yìí o. Bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí èmi wà ní Ìbàdàn, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ náà mọ UEFI. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní 2012 ni ọ̀pọ̀ jù lọ laptop ti ń gbé e wá, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣì pọ̀ lọ́jà. Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ `ls /sys/firmware/efi`. Bó bá kó orúkọ jáde, UEFI lẹ fi tan ẹ̀rọ. Bó bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kò ní i, ó sì lè jẹ́ pé ó ní i ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i sórí Legacy tàbí CSM, ìyẹn ọ̀nà BIOS àtijọ́. Ẹ pa á, ẹ tan án padà, kẹ́ ẹ máa tẹ F2, F10 tàbí Del títí ojú ìwé ètò inú rẹ̀ á fi yọ. Bí UEFI kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ fi GRUB 2 rọ́pò èyí tó ti gbó, kẹ́ ẹ dúró sórí BIOS yín. Ẹ̀rọ yẹn ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àwọn àtijọ́ tí mò ń sọ ni LILO àti GRUB Legacy. Ẹni tó ń ṣe LILO jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ìparí 2015. GRUB Legacy ti dúró sórí 0.97 láti 2005. Iṣẹ́ líle ni wọ́n ń ṣe. BIOS kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì. Orí dísìkì, byte 512 àkọ́kọ́, nìkan ló ń kà, 446 péré nínú rẹ̀ ló sì wà fún bootloader. LILO wá ń há ibi tí kernel wà lórí dísìkì sórí, bí ìgbà tí èèyàn júwe ilé fún ọlọ́kadà pé ilé kẹta lẹ́yìn igi máńgòrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igi náà, ẹ sọnù nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi gbọ́dọ̀ tún `lilo` tẹ̀ lẹ́yìn kernel tuntun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní jí lọ́jọ́ kejì. UEFI mọ orúkọ ilé. Ó lè ka ìpín dísìkì tó jẹ́ FAT, èyí tí à ń pè ní ESP, ó sì máa fi orúkọ pe fáìlì tó wà níbẹ̀. Fáìlì lásán nínú ìpín yẹn ni gbogbo bootloader tí mo fẹ́ fi wéra níbí, ohun tó sì mú kí pípààrọ̀ wọn rọrùn nìyẹn: ẹ lè gbé méjì síbẹ̀, kẹ́ ẹ dán tuntun wò, kí ògbólógbòó ṣì wà níbẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́.

Dísìkì tó wà lórí MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà pín dísìkì, máa di GPT, ọ̀nà tuntun, kọ́kọ́ ná. Bí Windows bá wà lórí rẹ̀, ẹ má fi irinṣẹ́ Linux yí i. Inú Windows 10 láti ẹ̀dà 1703 ni `mbr2gpt` wà, òun ló mọ bó ṣe máa tún Windows tò kó lè jí lórí UEFI. Bó bá jẹ́ Linux nìkan, `gdisk` ló máa ṣe é. GPT máa ń fi ẹ̀dà ara rẹ̀ kan sí ìparí dísìkì, sector 33 ló sì ń fẹ́ níbẹ̀. Bí ìpín ìkẹyìn bá ti gba ilẹ̀ dé ògiri, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ kó àwọn fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn tẹ́ ẹ lè fọwọ́ dì mú. Mo ti rí ẹni tó ní òun máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí dátà tán lágbedeméjì, tó sì tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

ESP fúnra rẹ̀, 512 MB ni mo máa ń fún un ó kéré tán. Bí àyè bá wà, 1 GB. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣe pàtàkì.

GRUB 2

Òun lẹ máa bá nínú Ubuntu, Debian, Fedora àti Mint. Ẹlòmíì máa ń sọ pé ó wúwo, òótọ́ sì ni. Ó gbé ohun tó pọ̀ dání: ó lè ka ext4, Btrfs, XFS, LVM. Ìwúwo yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Nítorí pé GRUB lè ka ext4, kernel máa wà ní `/boot` tirẹ̀ lórí ext4, fáìlì kékeré kan ṣoṣo tí kì í sábà yí padà ló sì máa wà lórí FAT. Ext4 máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí oníṣòwò tó kọ gbèsè sínú ìwé kó tó gbé ọjà jáde. Bí iná bá lọ, á padà wá ka ìwé rẹ̀. FAT kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí kernel tuntun ń wọlé, ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú mẹ́nù GRUB lábẹ́ Advanced options, ẹ kàn máa sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un ni.

Bí GRUB bá sì tiẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ohun tó ń já àwọn èèyàn láyà ni ojú dúdú tó kọ `grub rescue>` sókè, tí kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnìkan bá pa ìpín dísìkì kan rẹ́, tí nọ́ńbà àwọn tó kù sì yí padà. Ẹ má pa ẹ̀rọ. Ẹ tẹ `ls`, á to àwọn ìpín sílẹ̀. Ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi `ls (hd0,gpt2)/boot/grub`, títí ẹ ó fi rí èyí tó kó fáìlì jáde. Lẹ́yìn náà, ìlà mẹ́ta ló kù:

`set prefix=(hd0,gpt2)/boot/grub`
`insmod normal`
`normal`

Mẹ́nù máa yọ. Nígbà tí Linux bá wọlé tán, ẹ tún `grub-install` àti `update-grub` ṣe kó má baà padà. Ẹ ò lo dátà kankan, ẹ ò sì nílò flash. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń fún èèyàn ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀ lójú ibẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ wà ṣá. Láti ẹ̀dà 2.06 ní 2021 ni wọ́n ti pa os-prober, èyí tó ń wá Windows kiri. Bí Windows bá pòórá nínú mẹ́nù yín, ẹ fi `GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false` sínú `/etc/default/grub`, kẹ́ ẹ tún `update-grub` tẹ̀. Èkejì ni pé ilé ńlá ló máa ń ní ihò púpọ̀: BootHole tí wọ́n rí ní 2020 gba inú fáìlì ètò GRUB kọjá Secure Boot, ó sì di dandan kí gbogbo èèyàn gba ẹ̀dà tuntun. Ẹni tó bá mú GRUB kò gbọ́dọ̀ ta kú sórí ẹ̀dà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lórí Debian àti Ubuntu, pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ fi flash tẹ́ ẹ tan lórí UEFI wọlé, ẹ gbé ìpín Linux àti ESP síbi tó yẹ, ẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú `chroot` (àṣẹ tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ bíi pé Linux orí dísìkì lẹ tàn), kẹ́ ẹ tẹ `apt install grub-efi-amd64`. Òun fúnra rẹ̀ máa yọ `grub-pc` ti BIOS kúrò. Lẹ́yìn náà ni `grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi`. MB díẹ̀ ló máa jẹ nínú dátà yín.

Mo ní láti sọ ohun kan nípa tòkunbọ̀ níbí. Ẹnìkan gbé laptop kan wá láti Ògùnpa; a ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí, kò sí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ bá a ṣe ń tan án ló ń sọ pé kò sí ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ lórí dísìkì. Ìlà tí a kọ sínú ìrántí rẹ̀ wà níbẹ̀, `efibootmgr -v` fi hàn wá, ṣùgbọ́n firmware rẹ̀, ètò UEFI inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò kà á sí. Orúkọ Windows nìkan ló mọ̀. Oògùn rẹ̀ ni ọ̀nà tí gbogbo UEFI gbọ́dọ̀ wò bí kò bá rí ibòmíràn lọ: `EFI/BOOT/BOOTX64.EFI`. A tún `grub-install` tẹ̀, a fi `--removable` sí i, ó jí. Láti ọjọ́ náà, kò sí tòkunbọ̀ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí n kì í fi ẹ̀dà síbẹ̀. Lórí Debian, `dpkg-reconfigure grub-efi-amd64` máa ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó ṣe é. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

systemd-boot

Gummiboot ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí systemd tó gbà á mọ́ra ní 2015. Pop!_OS ló ń lò ó lórí UEFI, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Arch náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. `bootctl install`, ó parí. Fáìlì kékeré kan fún kernel kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọmọ tó mọ̀wé kà lè kà lóye. Ó tún máa ń rí Windows fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá jọ wà nínú ESP kan náà. Ká ní iná kì í lọ ni, òun ni ǹ bá ní kí gbogbo èèyàn mú.

Ohun tí kò ṣe ni pé kò dá ext4 kà. Kernel àti initrd (fáìlì tí kernel kọ́kọ́ ń lò kó tó rí dísìkì gidi) gbọ́dọ̀ wà lórí FAT, nínú ESP tàbí ìpín mìíràn tí a yà sọ́tọ̀ fún un. ESP tí Windows sábà máa ń dá sílẹ̀ jẹ́ 100 MB, initrd kan ṣoṣo sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ó wọlé pẹ̀lú laptop lábẹ́ abíyá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àṣekágbá mi ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi sílẹ̀ fún ọ̀gá mi.” Mo ní kó jókòó. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, orí wáyà ló wà, update ń lọ lọ́wọ́ ní hóstẹ́ẹ̀lì, iná sì lọ. Mẹ́nù systemd-boot yọ bó ṣe yẹ, funfun lórí dúdú, orúkọ kernel kan ṣoṣo níbẹ̀. Bá a ṣe tẹ Enter, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, kò sì padà wá. Mo fi flash wọlé, mo wo ESP: initrd wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Kernel ti tẹ́lẹ̀ kò sí, torí pé 100 MB kò gba méjì, ó ti pa àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè wọlé. Mo ní, “Fara balẹ̀, iṣẹ́ rẹ kò lọ síbì kankan, ẹnu ọ̀nà ló bà jẹ́, kì í ṣe yàrá.” `fsck.vfat` kọ́kọ́ tún ìpín náà ṣe, a wọlé pẹ̀lú `chroot`, a tún initrd kọ. Wákàtí kan àbọ̀, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ sì ń jó. Kó tó kúrò, a sọ ESP rẹ̀ di 1 GB, a sì jẹ́ kí kernel méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá máa mú un, nǹkan méjì ni: ESP ńlá, àti bátìrì tó ń dúró. Ohun rere kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà lò: ó lè ka iye ìgbà tí kernel tuntun ti gbìyànjú láti dìde. Bí fáìlì náà bá ní `+3` nínú orúkọ rẹ̀, tí kò sì jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sún un sẹ́yìn, á sì mú àtijọ́. Fún ẹ̀rọ tó dá wà nínú ọ́fíìsì tí kò sí ẹni tó máa tẹ mẹ́nù, ìyẹn dára púpọ̀.

rEFInd

Roderick W. Smith ló yọ ọ́ lára rEFIt, tí wọ́n ṣe fún Mac, ní 2012. Òun ló rẹwà jù: àwòrán ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń tò síwájú yín, ẹ sì lè fi ọfà mú èyí tó wù yín. Bí ẹ̀rọ bá ń jí ló ń wá kernel kiri, ó sì ní awakọ̀ tó lè ka ext4 àti Btrfs, nítorí náà kernel lè dúró sórí ext4 bíi ti GRUB, kò sì sí fáìlì mẹ́nù kankan tó lè bà jẹ́. Fún ẹni tó kó Windows, Ubuntu àti ohun mìíràn sórí dísìkì kan, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Wíwá tó ń wá kiri yẹn lè fa ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ gùn lórí ẹ̀rọ tó lọ́ra, Secure Boot rẹ̀ sì gba kí ẹ fọwọ́ ara yín tò ó.

Èmi kì í fi í sórí ẹ̀rọ oníbàárà bí wọn kò bá béèrè fún un, torí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́la lè má mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n flash rEFInd kan wà lára kọ́kọ́rọ́ mi tí n kì í fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí bootloader rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ kì í bọ̀, á wá kernel tó wà lórí dísìkì rí, á sì gbé e dìde. Ẹ wá lè jókòó tún èyí tó bàjẹ́ ṣe látinú ilé fúnra rẹ̀.

Kernel láìsí bootloader

Láti kernel 3.3 ní 2012 ni UEFI ti lè ṣí Linux tààrà. `efibootmgr` ni ẹ máa fi kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó nílò sínú ìrántí firmware. Kò sí ohun tó yá tó o, kò sì sí ohun tó lè tètè sọnù tó o. Kò sí mẹ́nù, kernel wà lórí FAT, gbogbo ìtọ́sọ́nà sì wà nínú ìrántí tí kò sí lórí dísìkì. Àwọn tòkunbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí bátìrì kékeré CR2032 inú wọn bá kú, tí ọjọ́ wọn padà sẹ́yìn, ètò ìjí wọn náà á yí padà. Fún ẹ̀rọ tí gbogbo ẹbí jọ ń lò, mi ò gbà yín níyànjú.

Secure Boot

Bí ọ́fíìsì bá ní kó wà ní títàn, GRUB ti Ubuntu, Debian tàbí Fedora ni kẹ́ ẹ mú, torí shim, ètò kékeré tí Microsoft buwọ́ lù, ló ṣáájú rẹ̀, ẹ ò sì ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn rántí pé oṣù Kẹfà 2026 ni ọjọ́ ìwé ẹ̀rí 2011 tí Microsoft fi ń buwọ́ lu shim parí sí, tí ti 2023 sì rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ti wà lórí ẹ̀rọ yín kò ní ṣàdédé kọ̀ láti jí, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí kò gba firmware tuntun mọ́ lè má mọ ìbuwọ́lùwé tuntun. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó san owó.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹni tí iná ládùúgbò rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, àti ẹni tí ẹlòmíì ló máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe: GRUB 2, pẹ̀lú ẹ̀dà ní `EFI/BOOT`. Nínú laptop mẹ́wàá tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi, ó ṣeé ṣe kí n fi í sórí mẹ́jọ.

Ẹni tó ní inverter tàbí bátìrì tó dúró, tí Linux nìkan wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: systemd-boot, ESP 1 GB, kernel méjì. Òun ló wà lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹni tó ń ti Windows bọ́ sí Linux bọ́ sí ohun mìíràn lójoojúmọ́: rEFInd. Àwọn tó fẹ́ fi kernel jí láìsí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì CR2032 yín, kẹ́ ẹ sì ní flash lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ láti fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta.